Ayálégbé Ń Kó Lọ, Ilé Kì í Kó Lọ: Ìtọ́sọ́nà fún Oníṣẹ́ Ọwọ́ Tó Fẹ́ Kí Oníbàárà Máa Padà Wá ní Àbújá

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹnìkan ní Gwarinpa pè mí pé kí n wá wo ìdí tí omi fi ń ṣàn dànù láti orí táńkì rẹ̀ lóru. Bí mo ṣe gun orí irin tí wọ́n gbé táńkì náà lé, ojú mi bọ́ sí táńkì ilé kejì. Èmi ni mo gbé táńkì yẹn sí ibi tó wà, èmi náà ni mo sì tún gbogbo ọ̀nà omi ilé ìwẹ̀ wọn ṣe, kò sì tíì pé ọdún méjì nígbà náà. Ara táńkì tí mo gbé síbẹ̀ ni wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà fóònù púlọ́ḿbà mìíràn gàdàgbà. Ó dùn mí wọra. Nígbà tí mo parí iṣẹ́ tí mo bá wá, mo yà kí màmá tó ni ilé náà, mo sì bi wọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bóyá iṣẹ́ mi ní àbùkù. Màmá dá mi lóhùn pé, “Ọmọ mi, iṣẹ́ rẹ kò ní àbùkù kankan. Ayálégbé tó bá wa pè ọ́ nígbà yẹn ló ti kó lọ sí Lokogoma, àwa kò sì mọ ibi tí a ti lè rí ọ.”

Ọ̀rọ̀ màmá yẹn ló yí ọ̀nà tí mo gbà ń wá iṣẹ́ padà. Láti ìgbà tí Àbújá ti di olú-ìlú Nàìjíríà ní ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá, ọdún 1991, ìlú àwọn tó wá láti ibòmíràn ló jẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń háyà ilé, owó ilé tó ń gòkè sì máa ń lé wọn láti àdúgbò kan dé òmíràn. Oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá jẹ́ pé orúkọ ènìyàn nìkan ló ní lórí fóònù rẹ̀ yóò pàdánù iṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá kó ẹrù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ilé, tó sì ní àkọsílẹ̀ ilé, oníbàárà rẹ̀ máa ń di méjì nígbà tí ayálégbé bá kó lọ: ẹni tó lọ, àti ẹni tó wọlé dípò rẹ̀. Iṣẹ́ omi ni tèmi, nítorí náà òun ni n óò máa fi ṣe àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n oníṣẹ́ iná, ẹni tó ń lẹ táìsì, akunlé àti ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe lè gbé gbogbo rẹ̀ lọ sídìí iṣẹ́ tiwọn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ pinnu iṣẹ́ àti àdúgbò

Kí ẹ tó na kọ́bọ̀ kan sórí ìpolówó, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n máa rántí yín fún. Ẹni tó bá ń sọ pé kò sí iṣẹ́ tí òun kì í ṣe kò fún oníbàárà ní nǹkan kan tó lè dì mú. Bí ẹ bá sọ pé ọ̀nà omi, pọ́ǹpù àti ẹ̀rọ tó ń gbóná omi ni ẹ ń tún ṣe, ọjọ́ tí pọ́ǹpù bá dákẹ́ ni orúkọ yín yóò wá sí wọn lẹ́nu.

Àdúgbò náà ṣe pàtàkì, ìdí rẹ̀ sì ju owó ọkọ̀ lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ló wà ní agbègbè olú-ìlú yìí, kò sì sí ẹnìkan tó lè sin gbogbo wọn tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹni tó ń gbé Kubwa lè mú Kubwa, Dutse, Bwari àti Gwarinpa. Ẹni tó wà ní Lugbe lè mú Lokogoma, Galadimawa àti Apo mọ́ ọn. Ẹni tó wà ní Nyanya lè mú Karu, kí ó sì dé Mararaba tó wà ní ìpínlẹ̀ Nasarawa. Bí ẹ bá ti Kubwa lọ tún ẹnu ẹ̀rọ kan ṣe ní Mararaba, ẹ lè rí owó ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ẹ kò ní lè padà lọ wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tó wà ní Nyanya yóò jẹ gbogbo àárọ̀ yín. Pípadà lọ yìí gan-an ni ìpolówó tí mò ń sọ. Ẹ mú àdúgbò tí ẹsẹ̀ yín lè padà dé láìsí ìnira.

Ìgbésẹ̀ kejì: Orúkọ àti ìwé

N kò ní pẹ́ lórí èyí. Ẹ forúkọ iṣẹ́ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, ìyẹn àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin CAMA ọdún 2020. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ti lè ṣe é, orúkọ okòwò lásán sì tó fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìwé ẹ̀rí náà ṣí àkáǹtì báńkì ní orúkọ iṣẹ́ yín. Àwọn tó ń bójú tó ẹ́síteètì, àwọn ọ́fíìsì àti àwọn aṣojú onílé kì í fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ ènìyàn lásán, nítorí àwọn náà ní ẹni tí wọ́n ń fi ìwé owó hàn. Iṣẹ́ tó ń padà wá lóṣooṣù pọ̀ lọ́wọ́ irú àwọn oníbàárà bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò ní ìwé kò sì lè dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ibi tí àlejò yóò ti gbọ́ orúkọ yín

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu géètì. Mẹ́gádì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ayálégbé tuntun máa ń bi pé, “Ta ló ń tún omi ṣe níbí?” Púpọ̀ nínú wọn ló ń sọ Hausa, nítorí náà ẹ má ṣe kọjá lára wọn bí ẹni tí kò rí ènìyàn. Ẹ kí wọn pé “Ina kwana” láàárọ̀, ẹ sọ pé “Sannu da aiki” nígbà tí ẹ bá bá wọn lẹ́nu iṣẹ́, ẹ sì fi káàdì méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá mú iṣẹ́ wá, ẹ lè fún wọn lẹ́bùn, ṣùgbọ́n nínú èrè tiyín ni kí ó ti jáde. Ẹ má ṣe lé e sórí owó oníbàárà láṣírí, nítorí ọjọ́ tí àṣírí náà bá tú, ẹ̀yin àti mẹ́gádì náà lẹ jọ pàdánù ilé yẹn.

Ibi kejì ni ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò. Ní ọjà Dei-Dei, ènìyàn tó ń ra páìpù fún ilé rẹ̀ sábà máa ń bi olùtajà pé ṣé ó mọ ẹni tó lè bá òun tò ó. Ẹni tó ń san owó ọjà rẹ̀ lásìkò, tí kì í gbé ọjà lọ kí ó sì di àwátì, ni olùtajà yóò dárúkọ. Mo mọ oníṣẹ́ omi tí ọwọ́ rẹ̀ já fáfá tí kò sí ṣọ́ọ̀bù kan tó lè dárúkọ rẹ̀, nítorí gbèsè kékeré-kékeré tó tú ká sí ọjà.

Ibi kẹta ni ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ẹlẹgbẹ́ yín. Bí ẹni tó ń lẹ táìsì bá fọ́ páìpù inú ògiri, púlọ́ḿbà ni yóò wá. Bí èmi náà bá tú ògiri, mo nílò ẹni tí yóò dí i, tí yóò sì kùn ún. A ní àdéhùn kan láàárín ara wa: iṣẹ́ tí ẹnìkan bá mú ọ wá ṣe, òun ló ni oníbàárà náà, o kò gbọdọ̀ sọ fún onílé pé kí ó máa pè ọ́ tààrà fún iṣẹ́ tó jẹ́ tirẹ̀. Àdéhùn yìí kò sí nínú ìwé kankan, òun ló sì ń mú iṣẹ́ wá fún mi jù lọ lẹ́yìn àwọn oníbàárà àtijọ́.

Lórí fóònù, nǹkan méjì péré ni mo ń lò, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Èkíní ni ojú ìwé iṣẹ́ lórí Google, èyí tí wọ́n ń pè ní Google Business Profile. Ẹ yan irú iṣẹ́ yín, ẹ kọ àwọn àdúgbò tí ẹ ń dé, ẹ sì lè fi àdírẹ́sì ilé yín pamọ́ bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ oníbàárà ni ẹ ń lọ ṣiṣẹ́. Ohun tó ń mú ènìyàn pè yín níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí àwọn tí ẹ ti bá ṣiṣẹ́ kọ. Ẹ bẹ oníbàárà kí ó kọ ọ́ ní ọjọ́ tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, nígbà tí inú rẹ̀ ṣì ń dùn, kí ó sì dárúkọ àdúgbò rẹ̀ àti iṣẹ́ tí ẹ ṣe. Ẹ má ṣe fi owó tàbí ẹ̀dínwó ra irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí Google kò fàyè gbà á.

Èkejì ni WhatsApp Business. Ẹ mọ̀ pé fọ́tò tí ẹ bá gbé sí Status kì í kọjá wákàtí 24. Ẹ sì mọ̀ pé ìfiránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò ní ilé oníbàárà, ẹ ní kí ó fi orúkọ àti iṣẹ́ yín pamọ́ lójú yín. Àwọn lébẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ náà wúlò: mo ní ọ̀kan fún ẹni tó ń retí iye owó, ọ̀kan fún ẹni tí owó iṣẹ́ mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ọ̀kan fún ilé tí àyẹ̀wò rẹ̀ ti tó. Ní ti fọ́tò, ẹ ya ibi iṣẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ tún dúró sí ojú kan náà yà á lẹ́yìn tí ẹ parí. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó gbé e jáde, kí ojú ènìyàn, nọ́ńbà ilé tàbí géètì má sì hàn nínú rẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ènìyàn ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2023, àti pé kò sí ẹni tó ń fẹ́ kí inú ilé òun di ohun tí gbogbo ayé ń wò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ìpè àkọ́kọ́ àti ìwọlé àkọ́kọ́

Ẹni tó pè yín pé omi ń ya nínú ilé òun wà nínú ìpayà. Ẹ má kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ owó. Ẹ bi í bóyá omi ṣì ń ya, ẹ sì ṣàlàyé fún un ibi tí ó ti lè rí fáàfù àgbà, ìyẹn èyí tó ń ti omi gbogbo ilé pa, àti bí yóò ṣe tì í. Ìrànlọ́wọ́ ìṣẹ́jú méjì yìí kò ná yín ní nǹkan kan, ó sì ń fi ẹni tí ẹ jẹ́ hàn ju káàdì lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ béèrè àdúgbò rẹ̀, bóyá onílé ni tàbí ayálégbé, àti ẹni tí yóò san owó. Bí owó bá wà fún wíwá wò ó lásán, ẹ sọ ọ́ lórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé.

Ẹ dá àkókò tó ṣeé mú ṣẹ, bíi láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá. Bí nǹkan bá dí yín lọ́wọ́, ẹ pè kí àkókò náà tó kọjá. “Mo ti wà lójú ọ̀nà” tí àwa oníṣẹ́ ọwọ́ máa ń sọ nígbà tí a ṣì ń wẹ̀ nílé ti lé oníbàárà kúrò lọ́dọ̀ wa ju iṣẹ́ tí kò dára lọ. Mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn.

Ìlú yìí sì ní àṣà tirẹ̀ tí ó yẹ kí á bọ̀wọ̀ fún. Ní ilé àwọn Mùsùlùmí, ẹ sọ pé “Salamu alaikum” lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ sì dúró títí wọn yóò fi ní kí ẹ wọlé. Bó bá jẹ́ pé ìyàwó ilé nìkan ló wà nílé, ẹ béèrè bóyá ọkùnrin kan nínú ẹbí lè wà níbẹ̀, tàbí kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìta, ní ìdí táńkì àti pọ́ǹpù. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí yóò gba àkókò ìrun Jímọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Nínú oṣù Ramadan, ẹ rí i pé omi ti padà sínú ilé tipẹ́tipẹ́ kí àkókò ìṣínu tó tó, nítorí omi ni wọn yóò fi se oúnjẹ, òun náà ni wọn yóò fi ṣe àlùwàlá. Hajiya tí ẹ bá fi omi rẹ̀ sílẹ̀ ní títì títí di aago méje alẹ́ lọ́jọ́ ààwẹ̀ kò ní pè yín mọ́, kì bá à jẹ́ pé iṣẹ́ yín dán bí dígí. Ní ti ẹ́síteètì, ẹ béèrè ṣáájú bóyá wọ́n ń jẹ́ kí oníṣẹ́ wọlé lọ́jọ́ Àìkú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìwé iye owó

Ibí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ba orúkọ ara wa jẹ́. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni pé kí a dín owó iṣẹ́ kù lẹ́nu, kí a wá lé èrè sórí ohun èlò tí a lọ rà. Oníbàárà tó gbọ́ pé owó iṣẹ́ kéré yóò yọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ni òun fúnra rẹ̀ yóò kọjá ní Dei-Dei, yóò béèrè iye tí wọ́n ń ta fáàfù tí a gbà ní ìlọ́po méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní pè wá bínú. Kò ní pè wá rárá ni.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí èrè yín wà nínú owó iṣẹ́, ní gbangba. Ẹ kọ ìwé iye owó ní ọ̀nà mẹ́ta. Ká ní ẹ fẹ́ pààrọ̀ pọ́ǹpù kékeré àti àwọn ohun tó so mọ́ ọn: ohun èlò jẹ́ 86,500 náírà, owó iṣẹ́ jẹ́ 30,000 náírà, owó ọkọ̀ láti lọ rà á àti láti gbé e wá jẹ́ 6,000 náírà, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 122,500 náírà. Lábẹ́ ohun èlò, ẹ to ohun kọ̀ọ̀kan ní orúkọ rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ àti iye rẹ̀, títí dé gọ́ọ̀mù àti tẹ́ẹ̀pù funfun. Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé iye náà yóò dúró fún ọjọ́ méje, nítorí owó ọjà kì í dúró sójú kan. Nígbà tí ẹ bá rà á tán, ẹ fi rìsíìtì ọjà lé oníbàárà lọ́wọ́, bí ẹ bá sì rà á ní iye tó dín sí èyí tí ẹ kọ, ẹ dá ṣéńjì padà. Mo dá 3,500 náírà padà fún ọkùnrin kan ní Dutse nígbà kan rí. Ó wo owó náà, ó wo ojú mi, ó sì bi mí pé kí ló dé. Láti ìgbà náà, kò béèrè iye owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn fi wé tèmi mọ́.

Ẹ gba owó ohun èlò ṣáájú, ẹ má sì ṣe fi owó ilé kan ra ohun èlò ilé mìíràn. Owó iṣẹ́ lè dúró di ìgbà tí omi bá ṣàn, bó bá jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ kan. Bí iṣẹ́ náà bá gùn, ẹ pín in sí apá, kí ẹ sì kọ ohun tí ó gbọ́dọ̀ ti parí kí wọ́n tó san apá kọ̀ọ̀kan. Bí oníbàárà bá fẹ́ ra ohun èlò fúnra rẹ̀, ẹ má bínú. Ẹ kọ ìwọ̀n àti irú rẹ̀ fún un dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó wà lákọsílẹ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ yín nìkan ni ẹ ń dúró fún.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ohun tí ojú oníbàárà rí

Oníbàárà kò lè mọ̀ bóyá ẹ fi gọ́ọ̀mù tó yẹ sí ìsopọ̀ páìpù, ṣùgbọ́n ó rí ẹsẹ̀ yín lórí káápẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹ tẹ́ nǹkan sílẹ̀, ẹ gbálẹ̀, ẹ kó ìdọ̀tí yín lọ. Ohun tí ẹ bá yọ, ẹ fi hàn án. Mo máa ń gbé rọ́bà kékeré tó ti là sí méjì sí àtẹ́lẹwọ́ oníbàárà, n óò fi ìka tẹ̀ ẹ́ kí ó rí i bí ó ṣe ti le bí èèpo igi, n óò sì sọ fún un pé ohun tí kò tóbi ju bọ́tìnì ẹ̀wù lọ yìí ló ń jẹ́ kí pọ́ǹpù rẹ̀ máa ṣiṣẹ́ láti òru mọ́jú. Lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ ni n óò ní kí ó ṣí ẹnu ẹ̀rọ.

Ìgbésẹ̀ keje: Ìwé ilé

Lẹ́yìn tí mo kúrò lọ́dọ̀ màmá onílé ní Gwarinpa, mo ra ìwé ńlá kan tó ní ẹ̀yìn líle, mo sì ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ fún ilé kọ̀ọ̀kan. Àkọlé ojú ìwé kì í ṣe orúkọ ènìyàn. Ilé ni: àdúgbò, òpópónà, fúláàtì. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo ń kọ orúkọ onílé, aṣojú onílé, ayálégbé àti mẹ́gádì, pẹ̀lú nọ́ńbà wọn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ilé fúnra rẹ̀: ibi tí fáàfù àgbà wà, ìwọ̀n páìpù, bóyá ó gba inú ògiri tàbí abẹ́ ilẹ̀, iye lítà táńkì, agbára pọ́ǹpù, ọjọ́ tí a gbé ẹ̀rọ tó ń gbóná omi sí i, ibi tí sókàwé wà, ìyẹn kòtò tí omi ìdọ̀tí ilé ń gbà wọlẹ̀. Ní ìparí, mo ń kọ ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ohun tí mo ṣe, iye tí mo gbà, ohun tí mo rí tí kò tíì bàjẹ́ ṣùgbọ́n tí yóò bàjẹ́ láìpẹ́, àti ọjọ́ tí ó yẹ kí n tún pè.

Ojú ìwé kan nínú rẹ̀ lọ báyìí: “Kubwa, fúláàtì òkè. Fáàfù àgbà wà lẹ́yìn ilé ìdáná, lábẹ́ pẹpẹ sìmẹ́ǹtì. Táńkì lítà 2,000. Bọ́ọ̀lù inú táńkì (èyí tó ń dá omi dúró bí táńkì bá kún) ti ń tẹ̀, ó yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀ kí òjò tó dé. Bàbá kò fẹ́ kí a pe òun lójú oorun ọ̀sán.” Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn wúlò tó ti àkọ́kọ́. Nígbà tí bàbá náà tún pè lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, mo mọ ohun tí n óò gbé dání kí n tó kúrò nílé, n kò sì bi í ní ìbéèrè tí ó ti dáhùn rí. Púlọ́ḿbà tuntun yóò gba wákàtí kan kí ó tó rí fáàfù yẹn, àǹfààní tí ẹ ní lórí rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ lè ṣe é sórí fóònù, ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ̀dà rẹ̀ sórí ìwé, nítorí fóònù máa ń sọnù. Ẹ tọ́jú ìwé náà sí ibi tí ẹlòmíràn kò ti lè rí i, nítorí ọ̀rọ̀ inú ilé onílé ló wà níbẹ̀. Ẹ tún gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé láti so káàdì kékeré tí omi kò lè bàjẹ́ mọ́ fáàfù àgbà, kí orúkọ yín, nọ́ńbà yín àti ọjọ́ tí ẹ ṣiṣẹ́ kẹ́yìn wà lára rẹ̀. Ní ọjọ́ ìpayà, ibẹ̀ ni ọwọ́ wọn yóò kọ́kọ́ dé.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Àkókò tí ó yẹ kí ẹ pè

Ẹ pè ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn iṣẹ́, láti béèrè ohun kan péré: “Ṣé omi ń ṣàn dáadáa?” Ẹ má ta nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí ojú ọjọ́ Àbújá máa darí yín.

Ní oṣù Kọkànlá, nígbà tí ọyẹ́ ń bọ̀, ẹ rán wọn létí ẹ̀rọ tó ń gbóná omi, nítorí ìgbà òtútù ni wọn yóò mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ní oṣù Kejìlá, púpọ̀ nínú àwa Yorùbá tó wà níbí máa ń lọ sílé fún ọdún, àwọn ará ìlú mìíràn náà sì ń lọ. Ilé á wà ní títì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ fi owó kékeré ṣe iṣẹ́ títi omi pa kí wọ́n tó rìnrìn àjò, kí ẹ sì wo gbogbo ibi tó lè jò. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí púpọ̀, nítorí ó ń gbé mi wọ ilé ogún láàárín ọ̀sẹ̀ kan, n óò sì rí ohun tí ó yẹ láti tún ṣe ní oṣù Kìíní. Ní oṣù Kejì àti Ìkẹta, omi inú kànga ẹ̀rọ máa ń lọ sílẹ̀, pọ́ǹpù tó bá sì ń ṣiṣẹ́ láìrí omi fà yóò jóná. Kí òjò tó wọlé dáadáa ní oṣù Kẹrin, ẹ sọ̀rọ̀ ọ̀nà omi òjò àti sókàwé, torí pé ilẹ̀ tó ti mu omi yó kò ní gba omi ìdọ̀tí mọ́.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ènìyàn. Ẹ wo ìwé ilé kí ẹ tó kọ ọ́: “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Èmi púlọ́ḿbà yín ni. Nígbà tí mo wá ní oṣù Kẹfà, mo rí i pé bọ́ọ̀lù inú táńkì yín ti ń tẹ̀. Òjò ti ń bọ̀. Mo máa wà ní àdúgbò yín lọ́jọ́bọ̀, ṣé kí n yà wò ó?” Ẹni tó gba irú ọ̀rọ̀ yìí mọ̀ pé ilé òun ni ẹ ń rò.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Nígbà tí iṣẹ́ bá bàjẹ́

Yóò bàjẹ́ nígbà mìíràn. Òfin FCCPA ọdún 2018, ìyẹn òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti gba iṣẹ́ tó parí lásìkò, tó sì péye bí ó ṣe yẹ kí ènìyàn retí, kí wọ́n sì sọ fún un lásìkò bí ìdádúró bá máa wà. Ẹ kọ ìlérí yín sílẹ̀: oṣù mẹ́ta lórí iṣẹ́ ọwọ́, ẹ óò padà wá tún un ṣe láìgba owó. Ìsopọ̀ kan tí mo ṣe ní abẹ́ síǹkì ní Kubwa jò lóru ọjọ́ kejì, ó sì ba ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù jẹ́. N kò dá páìpù lẹ́bi. Mo lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo tún un ṣe, mo mú káfíńtà wá, mo sì san owó rẹ̀. Èrè iṣẹ́ náà wọlẹ̀, ṣùgbọ́n n kò pàdánù ilé náà. Ẹni tó bá ń yẹra fún ìpè oníbàárà nígbà tí iṣẹ́ bàjẹ́ kò lè sọ pé òun ń wá oníbàárà.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Nígbà tí ayálégbé bá ń kó lọ

Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnìkan fẹ́ kó ẹrù, ẹ pè é kí ó tó lọ. Ẹ béèrè àdúgbò tuntun rẹ̀, kí ẹ sì bá a wo ọ̀nà omi ilé náà kí ó tó sanwó tàbí kí ó tó gba kọ́kọ́rọ́. Iṣẹ́ wákàtí kan ni, ó sì máa ń gbà á lọ́wọ́ ìnáwó tí kò rò tẹ́lẹ̀. Bí àdúgbò tuntun bá jìnnà sí ibi tí ẹ ń dé, ẹ fà á lé oníṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ yín tí ẹ fọkàn tán lọ́wọ́, kí òun náà lè máa fa tirẹ̀ lé yín lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe onílé tàbí aṣojú rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ẹ ní àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó wà nínú ilé náà, àti pé ẹ lè wá yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹlòmíràn tó wọlé, kí ẹ sì fún un ní ìwé tó ń sọ ohun tó dára àti ohun tó bàjẹ́. Ìwé yìí máa ń pa ìjà ayálégbé àti onílé, ìdí nìyẹn tí àwọn aṣojú onílé fi fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni iṣẹ́ ilé púpọ̀ ti ń wá lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú gbèsè. Ẹ sọ iye tí ẹ lè gbà kí ó wà lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì dá iṣẹ́ tuntun dúró pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tútù bó bá ti kọjá iye náà.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ayálégbé tuntun bá wọlé, ẹ jẹ́ kí mẹ́gádì bá yín mú un mọ̀, kí ẹ sì lọ kí i lẹ́nu ọ̀nà. “Ẹ kú ìwọlé o. Èmi ni mo ń bójú tó omi ilé yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Mo kàn fẹ́ fi ibi tí fáàfù àgbà wà hàn yín ni, torí ẹ kò ní fẹ́ máa wá a kiri lóru.” Ẹ mú un dé ìdí fáàfù náà, ẹ jẹ́ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í, kí ó sì tún ṣí i. Bí ẹ bá délé, ẹ fa igi sórí orúkọ àtijọ́ nínú ìwé ilé, kí ẹ sì kọ tuntun sí abẹ́ rẹ̀.